Kí Ìdọ́gba Tó Dé: Ìkọ́ni Alákòópa àti Àwòṣe Oníṣirò Nínú Ẹ̀kọ́ Báyọ́lọ́jì ní Yunifásítì

Alága ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ wà níbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí gbogbo yín pátá. Mo júbà àwọn àgbà kí n tó yanu. Orí àṣìṣe ara mi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí yóò bá sọ fún ẹlòmíràn pé ọ̀nà tí ó ń tọ̀ kò dára, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ iye ọdún tí òun náà fi tọ̀ ọ́.

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì nípa bí iye ẹranko ṣe ń pọ̀ sí i nínú igbó tàbí nínú omi. Bí mo bá ti wọ kíláàsì báyìí, n ó kọ ìdọ́gba kan sójú pátákó: dN/dt = rN(1 − N/K). N ó ṣàlàyé pé dN/dt ni bí iye ẹranko ṣe ń yára yí padà, pé N ni iye wọn tó wà nílẹ̀, pé r ni bí wọ́n ṣe ń yára bí sí i tó nígbà tí ohunkóhun kò dí wọn lọ́wọ́, àti pé K ni iye tí àyíká wọn lè gbà. N ó fa ìlà kan tó rí bíi lẹ́tà S tí wọ́n fà gùn, n ó bi wọ́n bóyá ó yé wọn, wọn yóò sì dáhùn lóhùn kan pé ó yé àwọn. Nígbà ìdánwò, mo ní kí wọ́n kọ ìdọ́gba náà, wọ́n sì kọ ọ́ láìsí àṣìṣe kankan. Lọ́dún kan ni mo wá fi ìbéèrè kékeré kan kún un: bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé N pọ̀ ju K lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹranko náà? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tún ìdọ́gba náà kọ. Àwọn kan tún ìlà S náà fà, wọ́n sì fara balẹ̀ fà á kí ó lè dán mọ́rán. Ẹnì kan kọ ọ́ gbangba pé ìbéèrè yẹn kò sí nínú nóòtì.

Mo bínú sí wọn fún bí ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni ojú mi là sí i pé ohun tí mo fún wọn gan-an ni wọ́n dá padà fún mi. Lẹ́tà ni mo kọ́ wọn, lẹ́tà ni wọ́n kọ. Kò sí ọjọ́ kankan tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni lẹ́tà wọ̀nyẹn ń sọ nípa ẹran tó ń jẹ, tó ń bímọ, tó sì ń kú.

Ohun tí mo bá wá síbí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá fẹ́ kí ìṣirò wọnú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì kí ó sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ àwòṣe náà, kí ó fi sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ó ti já a kulẹ̀. Ìdọ́gba ni ó yẹ kó dé gbẹ̀yìn. Àwa olùkọ́ ni a máa ń gbé e ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń pè ní àwòṣe. Èrò tí ènìyàn ní nípa bí nǹkan kan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, tí ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní lè yí ohùn padà nígbà tí àyẹ̀wò bá dé. Bí mo bá sọ pé àìtó oúnjẹ máa ń dín iye ẹranko kù, kò sí ẹni tí yóò bá mi jiyàn, nítorí pé n kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ń dín in kù tó báwo? Láti ìgbà wo? Ṣé bí wọ́n ṣe ń bímọ ni ó ń dín kù ni, àbí bí wọ́n ṣe ń kú ni ó ń pọ̀ sí i? Ìgbà tí mo bá dáhùn gbogbo èyí tán tí mo sì fi nọ́ńbà sí i, ìgbà náà ni ọ̀tá mi lè gbá mi mú. Nítorí náà, àwòṣe kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi ń ṣe báyọ́lọ́jì lẹ́wà kí ó lè jọ físíìsì. Ọ̀nà tí a fi ń sọ̀rọ̀ tí a ó sì jíhìn rẹ̀ ni.

Ìkọ́ni alákòópa ni ìkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré ni, pé kí olùkọ́ máa pín bébà aláwọ̀ mèremère ni. Ohun tí mo ní lọ́kàn rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú wákàtí ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa ronú, tí yóò máa kọ̀wé, tí yóò máa bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn, olùkọ́ yóò sì máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kí ó tó mọ ohun tó kàn. Eric Mazur, onímọ̀ físíìsì ní Harvard, bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ kan lọ́dún 1991: ó máa ń béèrè ìbéèrè kan, kí olúkúlùkù yan ìdáhùn tirẹ̀, kí wọ́n wá kọjú sí ara wọn kí wọ́n jà á níyàn, kí wọ́n sì tún yàn lẹ́ẹ̀kejì. Kò ná an ní nǹkan kan ju pé kí ó panu mọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tí gbogbo àwa tí a ń kọ́ni mọ̀ pé kò rọrùn.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo gbé e lé. Lọ́dún 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì, wọ́n sì fi kíláàsì tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀ wé èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kópa. Nínú ti àkọ́kọ́, nǹkan bí 34 nínú akẹ́kọ̀ọ́ 100 ló fìdí rẹmi. Nínú ìkejì, nǹkan bí 22 ni. Máàkì ìdánwò pẹ̀lú fi nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 gòkè. Ní 2020, Elli Theobald àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún fi hàn pé àlàfo tó wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀yà wọn tàbí àìrówóná ti fà sẹ́yìn àti àwọn yòókù máa ń kéré sí i nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìwádìí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni èyí tí Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2019, lórí ẹ̀kọ́ físíìsì ní Harvard. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó gbọ́ olùkọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa gbà pé àwọn kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀; àwọn tó bá iṣẹ́ jìjàkadì gbà pé àwọn kò kọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn tó jìjàkadì ló gba máàkì tó ga jù. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣàn geere máa ń jẹ́ kó dà bíi pé òye ti dé, ìdààmú ọpọlọ sì máa ń jẹ́ kó dà bíi pé ènìyàn ya òpè. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti máa ń sọ fún kíláàsì mi pé yóò máa ṣe wọ́n bíi pé wọn kò mọ nǹkan kan, pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìyẹn lé wọn lọ. Bí olùkọ́ kò bá sọ ọ́ ní kùtùkùtù, wọn yóò ti ro ó pin pé olùkọ́ náà ni kò mọ̀wé kọ́.

Ní ti báyọ́lọ́jì fúnra rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó sá fún ìṣirò wá sínú rẹ̀ kò níye. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni sáyẹ́ǹsì tí kò ní nọ́ńbà wà. Bẹ́ẹ̀ kíkà ni iṣẹ́ Gregor Mendel, ẹni tó fi ewéko pea wádìí bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ: nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde lọ́dún 1866, irúgbìn roboto 5,474 àti oníhunjọ 1,850 ni ó kà, kí ó tó sọ pé mẹ́ta sí ẹyọ kan ni ìwọ̀n wọn. Ìdọ́gba ni Alan Hodgkin àti Andrew Huxley fi ṣàlàyé lọ́dún 1952 bí iná ṣe ń gba inú iṣan ìmọ̀lára kọjá. Ní Amẹ́ríkà, ìròyìn BIO2010 tí National Research Council gbé jáde ní 2003 ti ké gbàjarè pé kí wọ́n fi ìṣirò sínú ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò di onímọ̀ báyọ́lọ́jì lọ́la. Ìròyìn Vision and Change ti 2011 sì ka lílo àwòṣe mọ́ ohun tí gbogbo ẹni tó bá gboyè báyọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ lè ṣe. Ìpè náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sì fi dáhùn ni pé kí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìṣirò, kí ó gbà á, kí ó sì gbàgbé rẹ̀ kó tó padà dé.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ kíláàsì kan báyìí.

Ọ̀rọ̀ bakitéríà la fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé bí gbogbo nǹkan bá rọ E. coli lọ́rùn, ó lè pín sí méjì ní ogún ìṣẹ́jú. Bí a bá ní ẹyọ kan ṣoṣo ní ọ̀gànjọ́ òru, báwo ni gbogbo ìdílé rẹ̀ yóò ṣe wúwo tó lẹ́yìn wákàtí 24, bí ẹyọ kan kò bá kú? Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ àfọjúdá tirẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú bíírò, kí ó má sì ṣe pa á rẹ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lọ. Ẹni tí kò bá fi ara rẹ̀ jìn fún ìdáhùn kan kì í ya ẹnu nígbà tí òtítọ́ bá dé. Ṣe ni yóò mi orí bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn kan kọ gíráàmù kan, àwọn kan kọ kílò kan, ẹni tó láyà jù kọ kílò ọgọ́rùn-ún.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ní mẹ́ta-mẹ́ta. Wákàtí kan jẹ́ ìpín mẹ́ta, nítorí náà wákàtí 24 jẹ́ ìpín 72. Bí a bá sọ ẹyọ kan di ìlọ́po méjì nígbà 72, yóò tó 4.7 × 10²¹. Sẹ́ẹ̀lì kan wúwo tó bí ìdá kan nínú tírílíọ̀nù gíráàmù. Wọ́n sọ ọ́ di kílò, ó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.7, ìyẹn tọ́ọ̀nù 4,700. Ariwo sọ. Àwọn kan tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí dé wákàtí 48, ibẹ̀ ni ariwo náà sì ti dákẹ́, nítorí pé ohun tó jáde ni nǹkan bíi 2.2 × 10²⁸ kílò, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé tí a ń gbé yìí, pẹ̀lú òkè àti òkun rẹ̀, kò ju nǹkan bíi 6 × 10²⁴ lọ. Bakitéríà kan ṣoṣo ti di ìlọ́po ayé lọ́nà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ láàárín ọjọ́ méjì.

Mo wá béèrè pé níbo ni àṣìṣe wà. Wọ́n kọ́kọ́ wá a nínú ìṣirò, wọn kò rí i, nítorí pé kò sí níbẹ̀. Ìṣirò náà kò purọ́. Ohun tí a fi sínú rẹ̀ ló purọ́. Láti ibẹ̀, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Wọ́n á ní oúnjẹ yóò tán. Wọ́n á ní ìdọ̀tí ara wọn yóò pa wọ́n. Wọ́n á ní kò sí àyè. Mo ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n má sì lo lẹ́tà ìṣirò kankan. Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbólóhùn tó sábà máa ń jáde ni pé: bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i tó ni ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rí bí ń dín kù tó. Ó dára. Ẹ ya á. Kí iye wọn wà ní ìsàlẹ̀, kí ìbísí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lápá òsì. Nígbà tí wọn kò tíì pọ̀ rárá, níbo ni ìlà náà wà? Òkè. Ẹ fún ibẹ̀ lórúkọ. Níbo ni yóò ti kan òdo? Níbi tí gbogbo nǹkan ti kún. Ẹ fún ìyẹn náà lórúkọ. Orúkọ tí ẹgbẹ́ kan fún un lọ́dún kan ni Ó-Kún, n kò sì yí i padà fún wọn títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Báwo ni ẹ ó ṣe lọ láti ọ̀kan dé èkejì? Wọ́n á fa ìlà tó tọ́. Kí ló dé tó fi tọ́? Wọ́n á wo ojú ara wọn.

Ìdáhùn tòótọ́ ni pé ìlà tó tọ́ ló rọrùn jù. Kò sí bakitéríà kankan tó bá wa ṣe àdéhùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá sọ èyí fún máa ń wò mí bíi pé mo tú àṣírí ilé awo, nítorí láti kékeré ni wọ́n ti ń rò pé ọ̀run ni ìdọ́gba ti ń wá. Ìlà náà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fà ni r(1 − N/K). Wọ́n fi N sọ ọ́ di púpọ̀, ó di ohun tí Pierre Verhulst ará Bẹ́líjíọ̀mù kọ lọ́dún 1838. Mo máa ń jẹ́ kí orúkọ Verhulst dé lẹ́yìn tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbé nọ́ńbà tí Georgy Gause kó jọ kalẹ̀, ẹni tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1934 lórí àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n ń pè ní Paramecium tí ó sìn nínú ìgò, kí wọ́n wò ó bóyá ìlà tiwọn bá a mu. Nígbà tí mo bá wá béèrè pé bí N bá ju K lọ ńkọ́, kò sí ẹni tó ń ṣí nóòtì. Wọ́n tọ́ka sí ibi tí ìlà náà ti kọjá sí abẹ́ òdo.

Àrùn tó ń ràn rọrùn ju èyí lọ láti fi ara ṣe. Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 64 ló wà ní kíláàsì. Gbogbo wọn ti kọ nọ́ńbà wọn sínú àpótí kan, a sì mú ẹnì kan pé òun ni àrùn kọ́kọ́ mú. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹni tí àrùn ti mú yóò fa nọ́ńbà méjì nínú àpótí, yóò sì dá wọn padà. Ẹni tí a bá fa nọ́ńbà rẹ̀ ti kó o nìyẹn. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, kálukú ya bí ó ṣe rò pé yóò lọ. Bí nọ́ńbà kò bá ṣe àtúnwá, ẹnì kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Gbogbo ènìyàn rò pé 81 ló kàn, àmọ́ 64 péré ni wọ́n. Àwọn 27 náà fa nọ́ńbà 54, bẹ́ẹ̀ ẹni 37 péré ló ṣẹ́ kù tí àrùn kò tíì mú. Òmíràn nínú nọ́ńbà náà jẹ́ ti ẹni tó ti ní in, wọ́n sì fa òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tuntun tí yóò kó o kò ní ju nǹkan bí ogún lọ. Nígbà náà ni ẹnì kan máa ń sọ pé àrùn náà kò rẹ̀, àwọn tó lè mú ni kò rí mọ́. Gbólóhùn yẹn ni ọkàn ìdọ́gba ìtànkálẹ̀ àrùn tí Kermack àti McKendrick tẹ̀ jáde lọ́dún 1927, ẹni tó sì sọ ọ́ kò tíì gbọ́ orúkọ wọn rí.

Láti ibẹ̀ wọ́n lè fúnra wọn dé ohun tí ìwé máa ń fún wọn lófẹ̀ẹ́. Bí ẹnì kan tó ní àrùn bá lè kó o ran ènìyàn mẹ́rin, tí mẹ́ta nínú mẹ́rin sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dáàbò bò wọ́n, ẹnì kan péré ni yóò ràn, àrùn náà kò sì ní lè gbilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àrùn tó ń ran ènìyàn méjìlá ńkọ́, bí ọ̀ràn ìgbóná-eèyi? Mọ́kànlá nínú méjìlá, ìyẹn nǹkan bí 92 nínú 100. Èrò yìí kan náà ni Ronald Ross, dókítà tó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, gbé dìde nípa ibà. Àwọn kan sọ fún un pé kò sí bí a ṣe lè pa gbogbo ẹ̀fọn tán, pé asán ni làálàá náà. Ó fi ìṣirò hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1911 pé a kò nílò láti pa wọ́n tán. Bí iye wọn bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ibà yóò máa kú lọ fúnra rẹ̀. Mo máa ń pín kíláàsì sí méjì kí ìhà kan gbè sẹ́yìn Ross, kí ìkejì takò ó, n kì í sì í sọ ẹni tó jàre títí wọn yóò fi ṣe ìṣirò náà.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti gbé kalẹ̀. Mo ya gíráàfù kan: ẹni tó ní kòkòrò HIV ni, ó ti lé ní ọdún díẹ̀, kò tíì ṣàìsàn, iye fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Kí ni fáírọ́ọ̀sì náà ń ṣe? Èyí tó pọ̀ jù máa ń dáhùn pé ó ń sùn. Mo wá ya korobá kan tí omi ẹ̀rọ ń dà sínú rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì lu, tí omi inú rẹ̀ dúró sójú kan. Ṣé omi náà ń sùn? Kíláàsì á dàrú. Báwo ni a ṣe lè mọ bí omi tó ń wọlé ti pọ̀ tó, láìrí ẹnu ẹ̀rọ, láìrí ihò? Ó máa ń pẹ́ kí ẹnì kan tó sọ ọ́: ẹ ti ẹ̀rọ pa, kí ẹ wo bí omi ṣe ń yára fà. Ohun tí David Ho, Alan Perelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní 1995 àti 1996 nìyẹn. Oògùn ni wọ́n fi ti ẹ̀rọ pa, wọ́n wo bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń já wálẹ̀, àwòṣe wọn sì sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá fáírọ́ọ̀sì ni ara ń mú jáde lójúmọ́ tó sì ń pa lójúmọ́, nígbà tí ó dà bíi pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí oògùn kan ṣoṣo kò fi lè tó: níbi tí ìbísí ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èyí tí oògùn kan kò ràn yóò ti wà níbẹ̀. Kò sí awò asọhun-kékeré-di-ńlá tí à bá fi wo èyí. Àwòṣe ni awò náà.

N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló ń lọ geere. Ìgbà kan wà tí mo ní kí kíláàsì mi lo ẹ̀rọ ìṣirò láti tẹ̀ lé irú ìdọ́gba kan náà, àmọ́ láti ìran dé ìran, gẹ́gẹ́ bí Robert May ṣe gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1976: iye ti ọdún tó ń bọ̀ jẹ́ r ní ìlọ́po x, ní ìlọ́po (1 − x), níbi tí x ti jẹ́ iye ti ọdún yìí tí a kà bí ìdá láàárín òdo àti ẹyọ kan. Nígbà tí r jẹ́ 2.8, ó fìdí kalẹ̀ sójú kan. Nígbà tó di 3.2, ó ń fò láàárín méjì. Nígbà tó di 3.9, ìhà kan bẹ̀rẹ̀ láti 0.200, ìhà kejì láti 0.201. Fún ìgbésẹ̀ díẹ̀, wọ́n jọ ń lọ bí ìbejì. Nígbà tí yóò fi di ìgbésẹ̀ kọkànlá, ọ̀kan wà ní 0.34, èkejì wà ní 0.72. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì pààrọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò wọn, wọ́n ní bátìrì ló ti kú. Ọjọ́ náà ni aago lù kí n tó ráyè ṣàlàyé, mo sì pàdánù wọn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tó bá ń da èrò ènìyàn rú kò ṣeé fi sí ìparí wákàtí.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sábà máa ń sọ pé síílábọ́ọ̀sì kò ní parí. Òótọ́ ni, kò ní parí. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé ta ló parí rẹ̀ tẹ́lẹ̀: àwa tí a kà á tán lójú pátákó, àbí àwọn tó ń kọ ọ́? Mo ti yọ kókó mẹ́rin kúrò nínú ẹ̀kọ́ mi, n kò sì tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá béèrè wọn. Àwọn mìíràn ní kíláàsì àwọn tóbi jù. Ìyẹn le lóòótọ́, àmọ́ ènìyàn ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lè kọ àfọjúdá sílẹ̀ kí wọ́n sì kọjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni pé kí olùkọ́ gbọ́ gbogbo wọn, èyí tí kò ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀ náà. Wàhálà tí ó ń dààmú mi ju ìwọ̀nyí lọ ni ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ti ń ṣiṣẹ́ tí àwọn yòókù ń fọwọ́ lẹ́rán. Ọgbọ́n tí mo ń dá sí i ni pé ẹni tó sọ̀rọ̀ kéré jù ni mo máa ń gbé bíírò fún, kò sì gbọdọ̀ kọ ohun tí kò bá yé e.

Mo sì ń ṣọ́ra fún kọ̀ǹpútà. Ó wúlò, pàápàá bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fúnra rẹ̀ tẹ ìṣirò náà sínú ìlà àti òpó, ní ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì ni ó kàn ń tẹ̀, tí ìlà aláwọ̀ ń jó lójú rẹ̀, a kò kúrò lójú kan: ẹ̀rọ ló gba ipò olùkọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀. Bákan náà ni iṣẹ́ tí a kàn ní kí ó fi nọ́ńbà bọ inú ìdọ́gba. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ọpọlọ rẹ̀ wà nílé.

Ìdánwò ni ohun ìkẹyìn tí mo yí padà, òun ló sì yẹ kó ṣáájú, nítorí pé ohun tí a bá ń béèrè nínú ìdánwò ni akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé a kà sí. N kì í ní kí wọ́n kọ ìdọ́gba mọ́. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìbéèrè fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo tún gbé ìbéèrè àtijọ́ yẹn jáde, pé bí N bá ju K lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹranko náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ ọ́ pé ikú yóò ju ìbí lọ títí iye wọn yóò fi rọra sọ̀ kalẹ̀ padà sí K. Ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó wá kọ ọ́ sí i pé: “Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jẹ koríko náà tìdí-tìdí nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, ṣé K yìí kan náà ni wọn yóò padà bá?” Mo fún un ní gbogbo máàkì, mo sì gbé ìbéèrè rẹ̀ wọ kíláàsì ọdún tó tẹ̀ lé e.